Àbàwọ́n Kájú

Páálí náà dé lọ́jọ́ Ẹtì, nínú ọkọ̀ àwọn oníkájú,
bí mo ṣe ń ti fèrèsé.
Tábúlẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá, wọ́n sùn sínú fóòmù bí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ.
Àwọn ọmọ Ìsánlú tó wà lẹ́yìn odi ló fi ránṣẹ́.
Wọ́n kọ ọ́ sára páálí: "Màmá Láíbìrì, okun o.
Ìwé ẹgbàá ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan."
Mo ka ìlà yẹn lẹ́ẹ̀mejì.
Gbogbo ìwé tí mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tọ́jú
kò pé ẹgbàá, ká tó yọ ti ikán kúrò.

Iṣẹ́ tí mo mọ̀ ni mo ṣe.
Mo fún wọn ní nọ́ńbà, mo kọ wọ́n sínú rẹ́jísítà,
mo gbé òǹtẹ̀ sókè, mo lù ú mọ́ ojú gíláàsì:
ILÉ ÌKÀWÉ, ÌSÁNLÚ.
Yíǹkì náà kó jọ bí ìrì lórí ewé kókò,
ó yọ̀, ó ṣàn lọ.
Mo fi etí ìró nù ún. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.
Ohun tó bà mí lẹ́rù nìyẹn: kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Nítorí ìwé tèmi, nǹkan máa ń ṣẹlẹ̀ sí i.
Bó bá di oṣù kẹta, tí kájú ń já lulẹ̀ pọ̀ọ̀, pọ̀ọ̀,
àwọn ọmọ a ti oko wá, oje ní ìka,
wọn a fi ṣí ojú ewé.
Mo pariwo, mo fi rúlà gbá tábìlì, pàbó.
Àbàwọ́n kájú kì í lọ.
Lónìí, mo lè ṣí ìwé ìmọ̀ ẹ̀dá kan, kí n tọ́ka sí i:
ibí yìí ni Mépayédà dúró, níbi àwòrán ọkàn èèyàn,
lọ́dún tí ọkàn bàbá rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀.
Sẹ́gilọlá yá ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò dá a padà títí ó fi bímọ méjì.
Orúkọ wọn wà lára káàdì, ọ̀kan lábẹ́ ìkejì,
bí àwọn tó tò síbi ẹ̀rọ omi.
Tábúlẹ́ẹ̀tì, ta ló kà ọ́ ṣáájú mi?
Ó ní kí n tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà mi.

Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, ṣá.
Bàbá Dáísí, káfíńtà tó kan gbogbo pẹpẹ yìí,
lẹ́tà ti ń sá fún ojú rẹ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án.
Ó kàn ń wá jókòó ni, á máa fọwọ́ pa ìrókò rẹ̀ lórí.
Mo gbé ọ̀kan lé e lẹ́sẹ̀,
mo fi ìka méjì ya ọ̀rọ̀ náà, ó fẹ̀,
ó fẹ̀ títí "a" kan fi tó ẹyin ẹtù.
Bàbá wo pẹpẹ, ó wò mí.
"Ìyẹn ni pé mi ò ní kan pẹpẹ mọ́."
Síbẹ̀ ó ń kà á lọ, ètè rẹ̀ ń mì,
ọ̀rọ̀ mẹ́ta, ojú ewé kan. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta, òmíràn.

Iná ti lọ láti ọjọ́ Ajé.
Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀, bátìrì kú láàárín gbólóhùn.
Bàbá jókòó síbẹ̀, ó ń dúró,
bí ẹni tí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ sáré wọlé lọ mú nǹkan.
"Kí lo rò pé ó fẹ́ sọ?"
Mo wá ìwé yẹn kan náà jáde ní pẹpẹ kẹta.
Ikán ti jẹ ìdajì, àmọ́ gbólóhùn náà ṣì wà.
Mo kà á sókè fún un, àtèyí tó tẹ̀ lé e, àtèyí tó tẹ̀ lé ìyẹn,
títí a fi dé ibi tí ikán dé.

Lálẹ́, mo kó mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lọ sọ́dọ̀ onígẹ̀rígẹ̀rí ẹ̀gbẹ́ póòsì,
wọ́n ń mu iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìfárí.
Bàbá Dáísí bá mi níbẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ wọn ìbú wọn.
Ó fẹ́ kan àpótí oníhò mẹ́wàá.
Mo ní kó jẹ́ mọ́kànlá,
kí rẹ́jísítà náà rí ibi sùn.